"Ẹ̀jẹ̀ Mi Dà?": Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Tó Fẹ́ Kí Ìlú Tún Fọkàn Tán Òun

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Rẹ́mọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sídìí iṣẹ́ ògbufọ̀. Bí àwọn olùwádìí bá ń bọ̀ láti yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n mú wọn wọ ìlú, kí n túmọ̀ fọ́ọ̀mù, kí n sì bá wọn bẹ àwọn ìyá àgbà tí kò fẹ́ na apá fún abẹ́rẹ́. Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè ti ń wá bá mi. Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ń bi mí pé kí ló dé tí ará ìlú kò gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Àwọn ará ìlú ń bi mí pé kí gan-an ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wá kiri. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ ni mo ti pẹ́ sí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ènìyàn kò fọkàn tán onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ́?

Kò burú tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ Nature Human Behaviour gbé èsì ìwádìí kan jáde. Orílẹ̀-èdè 68 ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì bi ènìyàn tó lé ní 71,000 léèrè. Íjíbítì ni wọ́n ti fọkàn tán onímọ̀ jù, Íńdíà tẹ̀ lé e, àwa Nàìjíríà ṣe ẹ̀kẹta. Ó ya èmi náà lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ẹ tú u wò. Káàkiri àgbáyé, nígbà tí wọ́n béèrè bóyá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ènìyàn 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ó máa ń ka èrò ẹlòmíràn sí, 42 péré ló gbà. Aráyé ti gbà pé a mọ̀wé. Pé a ní etí ni wọn kò gbà.

Kí ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ láàárín wa níbí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ojú ara mi rí, torí mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Abúlé kan wà ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó tí a lọ gba ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwádìí tó gbé iṣẹ́ náà wá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń wá. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí ni a tẹ́ tábìlì sí, àwọn ọmọ ìwádìí wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé kúlà aláwọ̀ búlúù kan sílẹ̀ tí yìnyín kún inú rẹ̀. Àwọn obìnrin fi agbada sílẹ̀ lórí iná, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n tò. Ìyá kan tí iná ti mú ojú rẹ̀ pọ́n jókòó níwájú mi, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ìgbà wo ni wọ́n máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi?" Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyá. Èsì á dé." Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Oṣù mẹ́fà kọjá. Mo pe nọ́ńbà, wọ́n ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Mo tún pè, wọn kò gbé e mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, mo wọ ọjà abúlé náà láti ra gàrí, mo sì gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Bàbá Tíṣà! Ẹ̀jẹ̀ mi dà?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò mọ Púrọ́fẹ́sọ̀ kankan o. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára dé ibẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn mélòó kan kò ṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì yìí kò mọ nǹkan kan nípa ìwádìí wa. Ṣùgbọ́n kúlà búlúù ni wọ́n gbé wá, lójú abúlé, kúlà kan náà ni.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ti àwọn tí tiwọn ju èsì tó pẹ́ lọ. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yínrunyínrun ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 11 kú nínú àwọn tí wọ́n kó sínú ìdánwò náà. Ilé iṣẹ́ náà ní kì í ṣe oògùn òun ló pa wọ́n, àwọn òbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni, ẹjọ́ gùn títí di 2009 kí wọ́n tó fi owó yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Ní 2003, nígbà tí Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ Trovan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ṣé kì í ṣe àìmọ̀wé ni? Bí a bá là wọ́n lọ́yẹ̀ dáadáa, ṣé wọn kò ní gbà?

Èrò yìí ti pẹ́, àwọn ọlọ́pọlọ pípé ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1985, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, gbé ìwé jáde pé kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa kọ́ ará ìlú. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló gbà á bí ẹni pé igbá òfìfo ni ará ìlú, kí a ṣáà máa bu omi sí i.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹrin 1986, ilé iṣẹ́ átọ́míìkì ní Chernobyl bú gbàmù. Òjò gbé oró rẹ̀ dé orí àwọn òkè Cumbria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn darandaran ti ń da àgùntàn. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ta àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé oró náà á ti lọ. Kò lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa irú ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi ṣírò, ilẹ̀ orí òkè yẹn kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn darandaran tó mọ ilẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Ọdún 2012 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò lórí oko tó kẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brian Wynne tó lọ jókòó tì wọ́n rí i pé kì í ṣe pé wọn kò lóye sáyẹ́ǹsì. Sáyẹ́ǹsì ni kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn.

Ó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi nídìí agbada gàrí. Ọmọ kan tó ń kàwé gboyè wá kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, kí oró inú rẹ̀ lè jáde. Ó fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ títí. Ìgbà tó parí, èyí tó dàgbà jù nínú wọn bu ẹ̀gẹ́ láti inú àpò tó wà lábẹ́ jáàkì, ó fún un mọ́wọ́, ó gbé e sí ọmọ náà nímú, ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni èyí ti lò?" Ọmọ náà kò mọ̀. Ìyá ní, "Ọjọ́ mẹ́rin. Ó ku ọ̀la." Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo Nàìjíríà fi ń mu omi tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, kíkan yẹn gan-an ni iyì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kọ́ obìnrin Ìjẹ̀bú bí gàrí ṣe ń kan.

Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà ní làákàyè. Ó ti ìwé rẹ̀ pa, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní láárí. Ó wọn ìwọ̀n oró inú ẹ̀gẹ́ wọn ní ọjọ́ kìíní títí dé ìkarùn-ún, ó sì mú nọ́ńbà rẹ̀ padà wá fún wọn. Àwọn ìyá náà wá ní ohun tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀: wọ́n lè sọ fún oníbàárà tó ń kánjú ìdí tí àwọn kò fi ní yan án lọ́jọ́ kejì.

Kí ló dé tí ẹ̀yin onímọ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà? Lónìí ẹ ní ó dára, lọ́la ẹ ní kò dára.

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù láti ìgbà Kòrónà. Wọ́n ní kí a má lo ìbòmú, wọ́n tún ní kí a lò ó. Èmi kì í fi Kòrónà dáhùn. Ososa ni mo máa ń lò, torí pé nítòsí ni.

Ososa, ìlú Hubert Ogunde, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà rí i pé àrùn kan ń ṣe àwọn àgbà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ènìyàn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, ojú á di bàìbàì, etí á di. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde ní 1969 pé oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló fà á, pé oró sáyánáìdì tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀gẹ́ ló ń ba iṣan ara jẹ́. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí àwọn mìíràn tó padà sí Ososa. Wọ́n ka gbogbo ìlú, orí 4,583, wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé. Èsì rẹ̀ jáde ní 2000: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè, àrùn náà ń ṣe mẹ́fà. Nínú àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 60 sí 69, ó tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rò ó wò, ìyá kan nínú mẹ́rin.

Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n lọ sí ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ gan-an, wọ́n retí pé àrùn náà á pọ̀ níbẹ̀. Kò pọ̀. Wọ́n fi àwọn aláìsàn wé àwọn tí ara wọn le, sáyánáìdì tó wà lára wọn kò fi ìyàtọ̀ hàn bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tó fi di 2003, wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ó jọ pé sáyánáìdì kọ́ ni ìdí rẹ̀.

Ṣé irọ́ ni Osuntokun pa? Rárá o. Ẹ wo mẹkáníìkì tó gbọ́ ariwo lábẹ́ mọ́tò yín, tó ní ṣáàfù ni. Ó tú u, ó rí i pé bèárìn ni. Èyí tó bá pa irọ́ ni èyí tó rí bèárìn, tó tún gba owó ṣáàfù. Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti já bọ́, ìgbà tó bá wá yí, ojú á tì wọ́n, wọ́n á dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí dípò bẹ́ẹ̀: ohun tí a mọ̀ lónìí nìyí, ohun tó lè mú wa yí èrò padà sì nìyí. Àwọn tó jókòó níwájú yín ti gbé ayé pẹ́. Wọ́n ti yí èrò padà rí.

(Fún ẹni tó ń ronú nípa gàrí inú ilé rẹ̀: ìmọ̀ pé rínrin, fífi sílẹ̀ kó kan, títẹ̀ àti yíyan máa ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà kúrò kò yí padà. Ẹ máa mu gàrí yín lọ.)

Bí mo bá fẹ́ wọ ìlú kan, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Ọ̀dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo, ẹ má sì wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé àṣẹ baálẹ̀ ti tó, ẹ ti ṣe àṣìṣe. Baálẹ̀ lè ní kí ìlú jáde. Kò lè ní kí wọ́n fọkàn tán yín.

Ní Ìjẹ̀bú, ìtún ni ìlú pín sí, ìtún kọ̀ọ̀kan ló sì ní olórítún. Olórítún ló mọ ilé tí àìsàn wà, ló mọ ẹni tó ń bínú sí ẹni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Ìyálọ́jà. Lẹ́yìn Ìyálọ́jà, ẹ wá àwọn regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà. Gbogbo ayé ń wo regbérégbé lórí fóònù nígbà Òjúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, pẹ̀lú aṣọ àti ẹṣin. Ohun tí wọn kì í rí ni ìpàdé wọn, níbi tí àwọn ojúgbà ti ń sọ ọ̀rọ̀ ara wọn láìbo nǹkan kan. Mo ti rí i kí dókítà kan sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ní gbọ̀ngàn yunifásítì, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?", kẹ́kẹ́ á pa.

Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ lọ sí méjèèjì.

Èdè wo ni kí n fi bá wọn sọ̀rọ̀?

Tiwọn ni. Kì í sì í ṣe Yorùbá inú ìwé nìkan. Ìyá tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ gbọ́ Yorùbá rédíò, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ara rẹ̀, Ìjẹ̀bú ló fi ń rò ó. Ẹ mú ẹni tó ń sọ ọ́ dání.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda kan fún mi rí pé kí n kà á fún àwọn ènìyàn. Olùtumọ̀ kan ní ìlú ńlá ló ti túmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ó yẹ kó ti sọ pé àwọn kan á gba oògùn gidi, àwọn kan á gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ohun tó kọ síbẹ̀ ni "oògùn ẹ̀tàn". Ẹ fojú inú wo èmi tí mo dúró níwájú ogójì ènìyàn tí mo fẹ́ ka "a ó fún yín ní oògùn ẹ̀tàn". Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ìdajì yín á gba oògùn, ìdajì á gba èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Àwa gan-an kò ní mọ ẹni tó gba èwo títí á fi parí. Ohun tó fà á ni pé bí a bá mọ̀, ojú wa á máa wá ohun tí ọkàn wa fẹ́." Bàbá kan mi orí, ó ní, "Bí ìgbà tí ẹ bá di ojú adájọ́." Mi ò tíì rí ìtumọ̀ tó dáa ju ìyẹn lọ, mo sì ti ń lò ó láti ìgbà náà.

Báwo ni a ṣe máa bá irọ́ orí WhatsApp jà?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan. Ní oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà ti wọ Nàìjíríà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Mo wẹ̀. Èmi, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Àbúrò mi obìnrin ló pè láti Èkó, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà wẹ̀ ẹ́ nítorí tèmi." Mo mọ̀ pé kò lè ṣe nǹkan kan. Mo kàn dúró nínú balùwẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, mo ń da omi iyọ̀ lé orí.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá ni mo gbà, mi ò gba ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, bí a kò bá mọ ẹni tó ń kiri rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n sì ṣe borí Ẹ̀bólà yẹn. Lẹ́yìn tí Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti jẹ́ kí Patrick Sawyer, ará Làìbéríà tó gbé àrùn náà wọ Èkó, jáde ní ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó ti fara kàn án àti àwọn tó tún fara kan àwọn yẹn, ènìyàn 894. Ìbẹ̀wò bí 18,500 ni wọ́n ṣe, ojúkojú, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà, 8 kú, Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV dé ní oṣù kẹwàá 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, kó lè dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, fóònù tún bẹ̀rẹ̀: wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Nọ́ọ̀sì kan ní Rẹ́mọ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú ọmọ tirẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó gún un lábẹ́rẹ́ níwájú gbogbo àwọn ìyá, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣé kí n fún wọn lówó tàbí ẹ̀bùn?

Owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ tí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ san án, ẹ sì sọ ọ́ níta gbangba kí gbogbo wọn gbọ́ iye kan náà. Ọṣẹ kan àti ṣúgà kan tí ẹ kọ orúkọ yunifásítì sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n bá wọn jà ni?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, ó sì mú kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé nínú àwọn abúlé tó wà láyìíká pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kò gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ gbọ́, kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn aláìsàn tí wọn kì bá tí dé ilé ìwòsàn wá dé ibẹ̀. Èyí tó bá ń fún ènìyàn ní májèlé, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má bò ó. Àwọn yòókù, ẹ jókòó tì wọ́n.

Bí a bá ṣe àṣìṣe, ṣé ó yẹ kí a sọ ọ́? Ṣé ìyẹn kò ní ba orúkọ wa jẹ́ sí i?

Ní oṣù kejìlá 2021, ìjọba Nàìjíríà kó àjẹsára Kòrónà tó ti kọjá ọjọ́ lílò, ó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n pe àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n sì bà á jẹ́ ní gbangba ní Àbújá. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè olówó fi í ta wá lọ́rẹ nígbà tí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí. Ó dùn mí pé ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, nígbà tí ẹnìkan bá ní "èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń fún wa", ìdáhùn wà lẹ́nu mi: èyí tó bàjẹ́, a rí i nígbà tí wọ́n ń dà á nù.

Ta ló yẹ kó yan ohun tí a máa wádìí?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlú ti yan án, ẹ kò gbọ́ ni. Ní Ogijo, ní ìhà Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù láti mú òjé jáde, àwọn ará ibẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn nípa èéfín àti eruku dúdú tó ń bà sórí orùlé àti ìkòkò. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún òjé. Ìyá tó nu eruku kúrò lójú tábìlì láàárọ̀ tó tún bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án, ìwádìí nìyẹn. Ohun tó kù ni ẹni tó ní ẹ̀rọ.

Ẹ tún rántí sòbìà. Ní nǹkan bí 1988, Nàìjíríà ní ènìyàn tó lé ní 650,000 tí sòbìà ń yọ lára wọn lọ́dún kan. Kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, àti ẹnìkan ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọ abúlé fúnra rẹ̀, tó ń lọ káàkiri láti wo ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní 2013 ni wọ́n fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán.

Kò sí owó fún gbogbo lílọ àti bíbọ̀ yìí, láti mú èsì padà fún ìlú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ owó ìpadàbọ̀ sínú ìwé ìbéèrè owó yín láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń kọ owó kẹ́míkà. Ọkọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè sí Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe ti òfuurufú.

Èmi jẹ́ ará ìlú. Kí ni mo lè béèrè lọ́wọ́ olùwádìí tó wọ àgbàlá mi?

Ẹ lè béèrè ìwé tó fi hàn pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Òfin Nàìjíríà fẹ́ kó ní in. Ẹ lè béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ yín ń lọ àti ẹni tó san owó iṣẹ́ náà. Ẹ lè sọ pé rárá. Bí ẹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣì lè yí i padà lọ́la, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dù yín ní ìtọ́jú. Nọ́ńbà fóònù kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ pè é lójú wọn kí wọ́n tó lọ, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ní South Africa, àwọn ènìyàn San tí àwọn olùwádìí ti fi ṣe iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kọ òfin tiwọn sílẹ̀ ní 2017 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí láàárín wọn. Mo ti sọ ọ́ fún olórítún wa. Ó ní kí n kọ tiwa wá kí òun kà á. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ojú ìwé kan àti ààbọ̀.

Ìyá tó béèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣé ó rí èsì gbà?

Ó rí i. Ọdún kẹrin. Ọmọ kan nínú àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà ló wá a jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi láìjẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Mo gbé e lọ. Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gba ìwé náà, ó yí i po, ó dá a padà fún mi pé kí n kà á. Ṣúgà rẹ̀ ti ga díẹ̀ nígbà náà. Ó bi mí pé, "Nígbà náà. Nísinsìnyí ńkọ́?" Mi ò mọ̀. Mo mú un lọ sí ibùdó ìlera lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ fún un níbẹ̀ kí ó tó dìde lórí àga.

Nígbà tí a padà dé, mo ra kóńgò gàrí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dín kọ́bọ̀ kan fún mi.